Àwọn Ògúnléyẹ Tí Ògúnléyẹ Kò Bí

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá ìtàn ẹbí wa kiri tún dé lánàá. Láti Kútọnù ló ti wá, ó gun alùpùpù akérò láti ìdíkọ̀ Pobẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi, ó fi báàgì kan há abíyá bí ẹni tó ra adìyẹ lọ́jà bọ̀. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ọmọ tó mọ̀wàáhù ni. Ó dọ̀bálẹ̀, ó mu omi, ó béèrè àlàáfíà ara mi. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó dénú rẹ̀ ló ti ń tẹ́ ìwé sórí ẹní mi, ó ní òun ti tú gbogbo àpótí ìwé àtijọ́ ìjọba, òun sì ti bá wa rí gbogbo ẹbí wa níbẹ̀. Ìwé àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ọ̀pẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé àwọn tó gba abẹ́rẹ́, ìwé ẹjọ́ ilẹ̀ kan ní Ṣakẹ́tẹ́, ìwé àwọn ọmọ iléèwé, àti ìwé àwọn tí Faransé kó lọ sójú ogun. Gbogbo wọn ló ń jẹ́ Ògúnléyẹ. Ó ya igi kan sórí páálí, ó so orúkọ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀ bí ìgbà tí ẹyẹ ẹ̀gà bá kọ́lé sórí ọ̀pẹ, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ó ní, "Màmá, ẹbí yín tóbi púpọ̀. Ṣé ẹ rí i?" Mo rí i. Mo rí ọmọ amọ̀kòkò tí ilé wọn kọjú sí tiwa, ó ti di ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo rí ìyá tó bí mi, ó ti di ìyàwó bàbá ọkọ rẹ̀. Mo rí àna wa, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ pọ́ńbélé, lórí ẹ̀ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé èèyàn méjì ni. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi dé ọ̀fun. Mo ti ṣàlàyé fún àwọn tó wá ṣáájú rẹ̀, ohun tí ìwé wí ni wọ́n sì gbé lọ. Mo ní kó jókòó dáadáa, kó gbọ́ bó ṣe rí ní ọdún tí wọ́n kọ orúkọ wa, torí mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Ilé wa ní Pobẹ̀ nígbà náà kì í dákẹ́. Kí àkùkọ tó kọ ni ìyá wa ti ń fi òkúta fọ́ èkùrọ́, kọ̀, kọ̀, kọ̀, kò yára, kò sì dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìgbálẹ̀ tèmi yóò bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ẹkù tí a ti ń tẹ epo, bí mo bá sì fi ewé kan sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Àbẹ̀ní yóò fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ka sí i láìsọ̀rọ̀. Òórùn epo kì í kúrò lára aṣọ wa. Àárọ̀ la máa ń mu ẹ̀kọ gbígbóná, ọ̀sán la máa ń fi ata gígún àti ẹja gbígbẹ jẹ àkàsà tútù, a ó sì lá ọwọ́ wa títí tí ìyá wa yóò fi béèrè bóyá a fẹ́ jẹ ìka náà mọ́ ọn ni. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, ló máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà àárín, tí yóò máa ṣa ẹ̀wà, tí yóò sì máa fi ojú ṣọ́ gbogbo ilé. Bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ jù, yóò ní, "Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Mo gbọ́ òwe yẹn débi pé mo máa ń gbọ́ ọ lójú oorun.

Nínú ilé wa, bí ó ti rí ní gbogbo ilé tó bá mọ ara rẹ̀, ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Kì í pe ọmọ tó bá nínú ilé ọkọ lórúkọ pẹ̀lú, ìbáà ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Eyínfúnjowó ni ìyá wa ń pe àbúrò bàbá wa tó kéré jù, ọmọ náà kò sì tíì ní eyín kankan lẹ́nu nígbà tó ti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ kì í sì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń pe bàbá wa, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ, títí dòní. Bàbá wa àgbà tó kọ́ ilé náà ti kú kí wọ́n tó bí mi, gbogbo ìlú ló sì ń pe ilé wa ní Ilé Ògúnléyẹ. Àlejò ń pè é bẹ́ẹ̀, ọmọdé ń pè é bẹ́ẹ̀, ewúrẹ́ nìkan ló kù. Ìyá Àgbà ni kò pè é bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ọkọ rẹ̀ ni. "Ilé yìí" ni òun ń wí. Bí ó bá fẹ́ rán mi níṣẹ́ lọ́nà jíjìn, yóò ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí o ti wá, sọ fún wọn pé ilé yìí ni."

Ọdún yẹn ni Komandáǹ, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso agbègbè wa, pàṣẹ pé òun kò fẹ́ kí wọ́n máa ka èèyàn nílé-nílé mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọ̀pẹ, ọmọ tó bá fẹ́ wọ iléèwé, ẹni tó ń san lampó, ìyẹn owó orí, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ní orúkọ tiwọn àti orúkọ bàbá wọn nínú ìwé. Wọ́n rán akọ̀wé kan wá láti Àjàṣẹ́, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Mùsé, bí Faransé ṣe ń pe ọ̀gá. Ó ń sọ Yorùbá tiwa, ṣùgbọ́n ohùn Gùn, èdè àwọn ará Àjàṣẹ́, wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni, gbogbo ọkùnrin ilé ti lọ dáko ní ọ̀nà Yoko, àwọn obìnrin àti ọmọdé àti ayálégbé ló bá nílé. Ó gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò wa, ó sì pe ìyá wa síwájú.

"Orúkọ ọkọ rẹ?"

"Baálé mi."

"Ṣé Baálé ni orúkọ rẹ̀?"

"Rárá o."

"Kí wá ni orúkọ rẹ̀?"

"Ó ti lọ sóko."

Mùsé fi aṣọ nu ojú. Ó pe ìyàwó àbúrò bàbá wa, òun náà ní ọkọ òun lọ sóko. Ó pe Àbẹ̀ní, ó bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, Àbẹ̀ní sì wolẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ya ìlà sórí iyẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò kúkú le. Ká ní orúkọ bàbá ẹlòmíràn ni Mùsé bi mí, ǹ bá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bàbá kan náà ló bí wa. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kígbe pé, "Ilé ta ni ibí yìí gan-an?" Gbogbo wa dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Ilé Ògúnléyẹ ni, àfi Ìyá Àgbà tó ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Mùsé mí kanlẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun tún pàdé irú ilé báyìí, ó sì kọ Ògúnléyẹ sí iwájú gbogbo orúkọ, ó fi ṣe ọkọ àwọn ìyàwó àti bàbá àwọn ọmọ. Àwọn amọ̀kòkò tó ń gbé lórí ilẹ̀ wa wá sábẹ́ òjìji, ó bi wọ́n pé ilé ta ni wọ́n, wọ́n ní ilẹ̀ Ògúnléyẹ ni, ó kọ ọ́. Ó wá kan Sùnmọ́nù, ọmọ Ṣakẹ́tẹ́ tó wọ̀ sílé wa, tó ń tọ́jú ọ̀mùnú ọ̀pẹ ní ibùdó. Ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ dáadáa: ẹni tó ń jẹun nínú ilé kan kì í jókòó níwájú onílé kó máa gbé ilé mìíràn ga. Sùnmọ́nù dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ilé Ògúnléyẹ ni mo wà, sà." Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe, ọ̀wọ̀ yẹn ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí bàbá wa dé láti oko tí wọ́n ròyìn fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ti di ìyá òun, kí wọ́n máa gbé oúnjẹ ìyá òun bọ̀. Ìyá Àgbà ní, "A ṣáà mọ ara wa. Ta ni ìwé fẹ́ ṣì lọ́nà?" Ibẹ̀ ni wọ́n parí rẹ̀ sí. Bí mo bá rántí bí ọkàn wọn ṣe balẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, inú a máa bí mi sí àwọn òkú.

Sùnmọ́nù àti Àbẹ̀ní ti ń fẹ́ra wọn kí Mùsé tó dé rárá. Ìyá Sùnmọ́nù ló ń ta gààrí ní Ṣakẹ́tẹ́, bí ọjà Pobẹ̀ bá sì ku ọ̀la, ilé wa ló máa ń sùn, lórí ẹní Ìyá Àgbà. Àwọn méjèèjì á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló mú ọmọ rẹ̀ wá bá wa gbé, òun ló sì kọ́kọ́ sọ pé kí àwọn fi Àbẹ̀ní ṣe aya fún un. Bàbá wa gbà, ìdána ti kọjá, ohun tó kù kò ju kí wọ́n gba yàrá ní ibùdó ọ̀pẹ, níbi tí wọ́n ti ń fún òṣìṣẹ́ tó bá ní ìyàwó lórí ìwé ní yàrá. Àwọn méjèèjì wẹ̀, wọ́n múra, wọ́n gba ọ́fíìsì Mùsé lọ. Mùsé ṣí ìwé rẹ̀, ó wo Sùnmọ́nù, ó wo Àbẹ̀ní, ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní bàbá kan náà ló bí wọn. Ó ní bí wọn kò bá kúrò níwájú òun, òun yóò jẹ́ kí Komandáǹ gbọ́ irú èèwọ̀ tí wọ́n fẹ́ dá ní Pobẹ̀. Àbẹ̀ní mú gèlè rẹ̀ dání bọ̀ wá sílé, ó sì wọ yàrá lọ.

Bàbá wa lọ. Mùsé ní ẹni tó ń fi ọmọ fọ́kọ kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, àti pé nínú ìwé, ẹ̀gbọ́n Àbẹ̀ní ni, kì í ṣe bàbá rẹ̀. Bàbá wa mú àgbà amọ̀kòkò lọ kó wá jẹ́rìí. Mùsé bi í lórúkọ, ó ṣí ìwé, ó ní, "Ìwọ náà, Ògúnléyẹ, lọ jókòó." Ó ní àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ ni òun ń fẹ́, ìyá tó mọ ẹni tó bí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó rí ọgbọ́n dá, ìròyìn ti dé Ṣakẹ́tẹ́ pé wọ́n ti kọ Sùnmọ́nù ní ọmọ Ògúnléyẹ. Ìyá rẹ̀ dé wa lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Kò jókòó. A gbé omi fún un, kò mu ún, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí.

"Ìyá Ọ̀jọ́," ló wí fún Ìyá Àgbà, "mo fi ọmọ wọ̀ sílé yín ni, mi ò tà á fún yín. Ẹni tó bá yí bàbá ọmọ padà, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni nínú ẹ̀sìn wa. Kí ni kí n sọ fún bàbá rẹ̀ nínú sàréè?"

"Ṣé èmi ni mo kọ ọ́?" ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ rẹ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

"Ẹ̀kọ́ ilé ló sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà tó jókòó tì í, kí ló dé tí ẹ ò là á yé e?"

Ìyá Àgbà fa igbá ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra. Ìyá Sùnmọ́nù ní kí oṣù ààwẹ̀ tó lé, òun yóò mú ọmọ òun padà sí Ṣakẹ́tẹ́, àwọn ọmọbìnrin wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n ní àbúrò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àwọn ọ̀rẹ́ tí ń sùn lórí ẹní kan kò kí ara wọn mọ́. Àbẹ̀ní kò jẹun gidi, ó ń fọ́ èkùrọ́ pẹ̀lú ìyá wa láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì ń fọ́ ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Mo sùn tì í, mo mọ bí ìrọ̀rí rẹ̀ ṣe máa ń tutù. Bí Sùnmọ́nù bá lọ, ó ní òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn, Àbẹ̀ní kì í sì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kò ní ṣe.

Bàbá wa lọ bẹ Ìyá Sùnmọ́nù ní Ṣakẹ́tẹ́ títí tó fi gbà láti wá sí ọ́fíìsì. Mo tẹ̀lé wọn torí èmi ni mo gbé àpótí ìjókòó Ìyá Àgbà. Àwọn ìyá méjèèjì jókòó, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Mùsé ní kí Ìyá Àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ta ni Ògúnléyẹ jẹ́ sí yín?"

"Ẹni tí ẹ dárúkọ yẹn, olówó orí mi ni."

"Ẹ sọ ọ́ bó ti yẹ. Ẹ ní, ọkọ mi ń jẹ́ báyìí, ọmọ tó bí ń jẹ́ báyìí, kí n lè kọ ọ́."

"Ẹ̀yin ti sọ orúkọ rẹ̀."

"Òfin ní kó tẹnu yín jáde."

"Mo gbé inú ilé rẹ̀ títí irun mi fi funfun, mi ò pè é," ni Ìyá Àgbà wí. "Ó kú, mo sunkún rẹ̀, mi ò pè é. Ṣé iwájú tábìlì yín ni màá ti wá pè é?"

Ìyá Sùnmọ́nù rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mùsé yíjú sí i, ó ní òun náà ńkọ́, ta ni bàbá Sùnmọ́nù? Ó ní, "Bàbá Sùnmọ́nù ni." Mùsé ní orúkọ rẹ̀ ni òun bi í. Ó ní, "Àfẹ́sọ́nà mi láti èwe." Mùsé fi orí lé tábìlì. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kígbe. Orúkọ méjì péré ni wọ́n ń béèrè, gbogbo wa tó wà nínú yàrá náà ló mọ̀ ọ́n, ayé Àbẹ̀ní sì rọ̀ mọ́ ọn. Àwọn àgbà méjì wá di ẹnu wọn bí ẹni di àpò gààrí. Àbẹ̀ní tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò pariwo, èjìká rẹ̀ nìkan ló ń mì.

Ìyá Àgbà wò ó. Ó wá yíjú sí Mùsé, ó ní, "Bùráímọ̀ ni bàbá ọmọkùnrin yìí. Bùráímọ̀ tó ń ru àgbàdo wá sí Pobẹ̀ láti Ṣakẹ́tẹ́, tó gbọ́n débi pé ó máa ń fọ ẹsẹ̀ kó tó wọ ilé oníbàárà. Òun ni ọkọ obìnrin tó jókòó tì mí yìí. Ọmọ kan ló bí fún un, Sùnmọ́nù nìyí. Bùráímọ̀ kì í ṣe ọkọ mi, kò sí ohun tó ní kí n má pè é."

Ìyá Sùnmọ́nù tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó fi ojú sí ògiri. Mo rò pé ó ń bínú ni. Lẹ́yìn náà ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ògúnléyẹ ni ọkọ Ìyá Ọ̀jọ́. Ọ̀jọ́ ni ọmọ tó bí fún un. Ọ̀jọ́ ló bí Àbẹ̀ní, ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ ṣojú mi. Ẹ kọ ọ́."

Mùsé kọ ọ́ kíá, bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé wọ́n lè gbà á padà. Ìyá Àgbà ti di ojú rẹ̀. Ó ní, "Mùsé kò gbọ́ dáadáa. Tún un sọ."

"Mo gbọ́, Ìyá, mo ti kọ ọ́ tán," ni Mùsé wí.

"Kò gbọ́," ni Ìyá Àgbà tún wí.

Ìyá Sùnmọ́nù wo bó ṣe di ojú rẹ̀, ó sì tún un sọ, ó rọra pe Ògúnléyẹ bí ẹni tó ń pe ẹni tó wà nínú ilé. Ebi ń pa mí, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo sì rò nínú ara mi pé agídí arúgbó kò lópin.

Wọ́n gba ìwé, wọ́n gba yàrá, àfáà kan láti Ṣakẹ́tẹ́ ló so yìgì wọn. Alẹ́ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, Ìyá Sùnmọ́nù mu omi wa, ó sì sùn sórí ẹní rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n Mùsé kò pa ohunkóhun rẹ́ nínú ìwé ńlá rẹ̀, ó ní ohun tí Komandáǹ bá ti fọwọ́ sí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi yíǹkì kàn án. Ìwé tuntun ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ ti àtijọ́. Báyìí ni Sùnmọ́nù ṣe di èèyàn méjì, tí àwọn amọ̀kòkò ṣe di ọmọ wa, tí àwọn ọmọ wọn fi gbé orúkọ náà lọ sí iléèwé, lọ sójú ogun, lọ sí ilé ẹjọ́. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún bàbá àwọn ọmọ mi nígbà ayé rẹ̀, òun a máa rẹ́rìn-ín, èmi a máa bú àwọn ìyá méjèèjì.

Ọmọ Kútọnù gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń mi orí, ó ń kọ. Mo ní kó wá pa àwọn amọ̀kòkò rẹ́ lórí igi rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohun tó wà nínú ìwé ìjọba la ní láti tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n a lè kọ tiyín sí ìsàlẹ̀." Díẹ̀ ló kù kí n gba ife omi mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń palẹ̀ ìwé mọ́, ó ní ó ku ohun kan, kí òun lè fi ilé tèmi náà sí ẹ̀ka rẹ̀. Kí ni orúkọ ọkọ mi?

Mo ní, "Bàbá Ràṣídì."

"Orúkọ rẹ̀ gan-an, Màmá."

"Ó ti di olóògbé."

"Mo mọ̀, Màmá. Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo la ẹnu, mo pa á dé. Èmi tí mo ti fi gbogbo ayé mi bú àwọn àgbà, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bú wọn tán lójú ọmọ yìí. Mo wá ọ̀rọ̀ náà lórí ahọ́n mi, ó wà níbẹ̀, kò sì gbà láti jáde. Mo ní kó kọjá sí ẹ̀yìn ògiri, kó lọ bi Ìyá Ràfíù aládùúgbò mi, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ náà mí kanlẹ̀ bí Mùsé ṣe máa ń mí, ó bọ́ síta.

Etí Ìyá Ràfíù ti di díẹ̀, nítorí náà ohùn rẹ̀ ga. Mo jókòó ti ẹ̀wà tí mo ń ṣa lọ́wọ́, mo sì gbọ́ bó ṣe ń pe orúkọ ọkọ mi ketekete, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ àti oríkì rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró nínú ẹ̀wà. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ẹnikẹ́ni kò pe orúkọ yẹn létí mi. Bàbá ni àwọn ọmọ ń pè é, Bàbá Ràṣídì ni ti ará àdúgbò, èmi kò sì pè é rí. Ó ṣe mí bí ẹni pé ó ń bọ̀ láti ọjà, tí ẹnì kan kí i lẹ́nu ọ̀nà. Mo di ojú mi.

Nígbà tí ọmọ náà padà wọlé, ó ní Ìyá Ràfíù ti sọ fún òun, òun sì ti kọ ọ́ tán. Mo ní Ìyá Ràfíù kò gbọ́ ìbéèrè náà dáadáa, kó padà lọ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.